ÈÉFÍN DÚDÚ PORT HARCOURT ÀTI ÌTÀN ÀWỌN AGBÉMÌ-ŃLÁ INÚ ARA

Nígbà tí ọdún 2016 ń lọ sí òpin ni àwọn ará ìlú Port Harcourt, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Rivers, bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí ojú wọn kò rí rí. Aṣọ funfun tí wọ́n sá síta ní alẹ́ ń di aláwọ̀ eérú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú yàrá ara rẹ̀ ń wo àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì ń rí i bí ẹni pé ìdí ààrò èédú ni ó ti ń bọ̀. Ẹni tí ó fi áńkáṣífì nu imú ń bá dúdú lára áńkáṣífì náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, olúkúlùkù rò pé aládùúgbò òun kan ni ó ń jó táyà ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, tí ohun tí àwọn ará Diobu ń sọ kò yàtọ̀ sí ohun tí àwọn ará Borokiri àti Trans-Amadi ń sọ, ó yé tọmọdé tàgbà pé àlàbọrùn ti ń di ẹ̀wù. Eérú dúdú inú èéfín ni ó ń bọ́ lé gbogbo ìlú lórí.

Ohun tí ó wà lára aṣọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ, nítorí pé ojú ń rí i, ọṣẹ sì ń fọ̀ ọ́. Èyí tí ó gba ihò imú wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ kò ní ọṣẹ. Síbẹ̀, kì í ṣe pé ẹ̀dọ̀fóró wà láìní agbálẹ̀. Irú òṣìṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí ó ti ń bá èéfín jìjàkadì láti ìgbà tí ọmọ ènìyàn ti kọ́kọ́ fi igi dáná. Òun ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní macrophage. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí èéfín Port Harcourt ń ṣe fún ẹni tí ń mí in, àfi kí a kọ́kọ́ mọ òṣìṣẹ́ yìí, bí aráyé ṣe ṣàwárí rẹ̀, àti ibi tí agbára rẹ̀ pin sí.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọmọ Yorùbá tí eéwo kò sọ rí. Bí eéwo bá sọ ènìyàn, ojú ibẹ̀ á pọ́n, á wú, á gbóná, á sì máa ro ó débi pé kò ní lè sùn. Ará Róòmù kan tí ń jẹ́ Celsus, ẹni tí ó gbé ayé ní nǹkan bí 2000 ọdún sẹ́yìn, kọ àmì mẹ́rin yìí gan-an sínú ìwé ìṣègùn tirẹ̀. Ìwúlé ni a ó máa pe gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú àròkọ yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn oníṣègùn Yúróòpù ka ìwúlé sí àrùn fúnra rẹ̀, ohun tí a ní láti lé jáde tàbí kí a fi abẹ tú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. John Hunter, oníṣẹ́-abẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó yà kúrò lọ́nà wọn. Nínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1794, ní ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó sọ pé ìwúlé kì í ṣe àrùn, pé ohun tí ara ń ṣe nígbà tí nǹkan bá pa á lára ni. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n Hunter kò mọ ẹni tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà nínú ara, nítorí pé awò amúǹkantóbi ìgbà ayé rẹ̀ kò lè fi í hàn án.

Ẹni tí ó rí i kì í ṣe dókítà rárá. Élie Metchnikoff, tí wọ́n bí ní 1845 nítòsí ìlú Kharkiv ní ilẹ̀ Ukraine tí ó wà lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà nígbà náà, jẹ́ onímọ̀ nípa ẹranko. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú omi òkun ni ó fẹ́ràn láti máa wò. Ní 1882 ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ ní yunifásítì ìlú Odessa nítorí rògbòdìyàn ìṣèlú ibẹ̀, ó sì kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Messina, ìlú etí òkun ní erékùṣù Sicily ní Ítálì. Ní ọjọ́ kan, àwọn ará ilé rẹ̀ lọ wo àwọn ìnàkí tí wọ́n ti kọ́ ní eré ìdárayá. Òun nìkan ni ó kù nílé pẹ̀lú awò rẹ̀. Ohun tí ó ń wò ni ọmọ ẹja ìràwọ̀, ìyẹn ẹ̀dá inú òkun kan tí apá rẹ̀ yọ yíká bí ìràwọ̀. Nígbà tí ẹ̀dá yìí bá ṣì kéré, ara rẹ̀ máa ń mọ́ gaara bíi gíláàsì, èyí tí ó jẹ́ kí ojú rí ohun tí ń lọ nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé a là á. Metchnikoff rí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí ń rìn káàkiri nínú rẹ̀. Èrò kan sì sọ sí i lọ́kàn: bóyá ọdẹ tí ń ṣọ́ ilé ni àwọn wọ̀nyí. Ó jáde lọ sí ọgbà kékeré tí ó wà lẹ́bàá ilé náà, ó já ẹ̀gún mélòó kan lára òdòdó róòsì, ó sì fi wọ́n gún àwọn ọmọ ẹja ìràwọ̀ náà lábẹ́ awọ. Oorun kò kùn ún ní òru ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bá àwọn sẹ́ẹ̀lì alárìnkiri náà tí wọ́n ti ṣù bo ẹ̀gún náà yíká.

Ẹni tí ẹ̀gún bá ti gún lẹ́sẹ̀ lójú ọ̀nà oko mọ ìyókù ìtàn yìí, nítorí pé ojú ibẹ̀ á wú, á sì gba ọyún. Ohun tí Metchnikoff fi kún un ni pé wíwú náà ní àwọn òṣìṣẹ́ tí a lè fojú rí, tí a sì lè kà. Ní 1883 ó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé. Láti inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú orúkọ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé nǹkan mì. Àwọn tí ó tóbi jù nínú wọn ni Metchnikoff sì pè ní macrophage, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ajẹun-ńlá. Agbémì-ńlá ni a ó máa pè wọ́n níbí. Ẹlòmíràn lè fẹ́ pè wọ́n ní wọ̀bìà, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò yẹ wọ́n, nítorí pé tìtorí ikùn ara rẹ̀ ni wọ̀bìà ṣe ń jẹun, ti gbogbo ilé sì ni àwọn wọ̀nyí ń rò tí wọ́n fi ń gbé nǹkan mì.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Jámánì ní omi inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń pa kòkòrò àrùn, pé kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì kankan. Awuyewuye náà le. Louis Pasteur gba Metchnikoff sí ilé ìwádìí tirẹ̀ ní Paris ní 1888, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú ní 1916. Ní 1908, nígbà tí wọ́n fẹ́ pín ẹ̀bùn Nobel fún ìmọ̀ ìṣègùn, Metchnikoff àti Paul Ehrlich, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìhà kejì, ni wọ́n jọ gbé ẹ̀bùn náà fún. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jàre, nítorí pé omi inú ẹ̀jẹ̀ ni ó máa ń fi àmì sí ọ̀tá lára kí agbémì tó gbé e mì.

Báwo ni agbémì-ńlá ṣe ń ṣiṣẹ́? Púpọ̀ nínú wọn ni a bí nínú mùdùnmúdùn eegun, tí wọ́n gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá kí wọ́n tó wọ inú ẹran ara. Fún ìgbà pípẹ́ ni a rò pé gbogbo wọn pátá ni ó rí bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí 2010 ni ìwádìí tí wọ́n ṣe lára eku ti fi hàn pé àwọn kan ti gba ipò wọn láti inú oyún. Àwọn ti inú ọpọlọ ti wà níbẹ̀ kí a tó bí ọmọ, àwọn ti inú ẹ̀dọ̀fóró sì ń gba àkóso láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ bá ti mí èémí àkọ́kọ́. Nígbà tí agbémì-ńlá bá pàdé kòkòrò àrùn, ara rẹ̀ á yọ bí apá, á gbá ohun náà mọ́ra, á gbé e mì sínú àpò kan, á sì da omi kíkan àti àwọn èròjà tí ń jẹ nǹkan run lé e lórí. Lẹ́yìn náà ni ó máa ń ké sí àwọn yòókù. Ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí ó fi ń ké ni èyí tí àwọn onímọ̀ sọ lórúkọ ní 1975, tí wọ́n ń pè ní TNF. Igbe yìí ni ó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, kí omi sun jáde, kí ojú ibẹ̀ gbóná, kí ó sì wú. Àmì mẹ́rin ti Celsus ti dé nìyẹn. Bí ogun bá sì ti tán, agbémì-ńlá yìí kan náà ni ó ń gbá òkú ojú ogun, tí ó sì ń pàṣẹ pé kí ojú egbò san. Ẹni tí ó dáná ni ó ń pa á.

Iṣẹ́ wọn kò mọ sí ti ogun nìkan. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kì í lò ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ. Bí ó bá ti gbó, àwọn agbémì-ńlá inú ọlọ àti inú ẹ̀dọ̀ ni ó ń gbé e mì, tí wọ́n sì ń dá irin inú rẹ̀ padà fún ara láti fi ṣe òmíràn. Ojoojúmọ́ ni èyí ń lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wú tàbí gbóná.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí a gbé mì ni ó ń dà. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti ń di ti àrùn. Ní oṣù kẹta ọdún 1882, ní nǹkan bí oṣù díẹ̀ kí Metchnikoff tó já ẹ̀gún róòsì, Robert Koch kéde ní Berlin pé òun ti rí kòkòrò tí ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ. Awọ òde kòkòrò yìí nípọn, ọgbọ́n àrékérekè rẹ̀ sì pọ̀. Agbémì-ńlá á gbé e mì, ṣùgbọ́n kòkòrò náà kò ní jẹ́ kí wọ́n da omi kíkan lé òun lórí. Inú agbémì náà gan-an ni yóò fi ṣe ilé, tí yóò sì máa bí sí i. Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Àwọn agbémì yòókù á ṣù yí i ká bí ẹni mọ odi, odi yìí sì lè dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó ya lulẹ̀ nígbà tí àìjẹun-kánú tàbí àrùn mìíràn bá sọ ara di aláìlágbára. Kòkòrò àrùn ẹ̀tẹ̀, èyí tí Hansen ará Norway rí ní 1873, mọ irú ọgbọ́n yìí pẹ̀lú.

Ti ibà yàtọ̀ díẹ̀. Kí Laveran, dókítà ológun ilẹ̀ Faransé, tó rí kòkòrò ibà ní Àlùjíríà ní 1880, àwọn oníṣègùn ti ń bá nǹkan dúdú pàdé nínú ọlọ àwọn tí ibà pa, wọn kò sì mọ ohun tí ó jẹ́. A ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ìdọ̀tí oúnjẹ kòkòrò náà ni, ohun tí ó ṣẹ́kù nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó jẹ. Àwọn agbémì-ńlá gbé e mì, wọn kò rí i lọ̀, wọ́n sì gbé e sínú bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ibà ń mú léraléra, tí ọlọ rẹ̀ wú débi pé ìyá rẹ̀ ń fọwọ́ bà á lábẹ́ ìhà òsì, àwọn agbémì-ńlá tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn ni ó pọ̀ níbẹ̀.

Dúdú mìíràn wà tí ó sún mọ́ àwa Yorùbá ju ti ibà lọ. Bí a bá sín gbẹ́rẹ́ fún ènìyàn, tí a sì fi ẹ̀tù dúdú ra á, egbò á jinná láàárín ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n dúdú náà á wà níbẹ̀ di ọjọ́ ogbó. Bẹ́ẹ̀ náà ni kóló tí àwọn olóólà ń fín sí ara àwọn obìnrin ní apá Ẹ̀gbádò àti Ọ̀họ̀rí láyé àtijọ́. Kí ni ó dé tí omi ìwẹ̀ ọgbọ̀n ọdún kò fi lè gbé e lọ? Àwọn oníwádìí kan ní ìlú Marseille ní ilẹ̀ Faransé dáhùn ìbéèrè yìí ní 2018, nígbà tí wọ́n fín ara eku. Wọ́n rí i pé àwọn agbémì-ńlá inú awọ ni ó gbé dúdú náà mì. Nítorí pé kò lè dà, inú wọn ni ó ń wà. Bí ọ̀kan bá kú, dúdú inú rẹ̀ á tú sílẹ̀, agbémì tuntun tí ó gba ipò rẹ̀ á sì tún gbé e mì, bí ìgbà tí ọmọ bá jogún gbèsè bàbá rẹ̀. Àwọn olóólà kò rí agbémì-ńlá rí, síbẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ọnà wọn dúró lé. Nínú awọ, ìjogún yìí kì í sábà pa ènìyàn lára. Awọ kì í mí. Ẹ̀dọ̀fóró ní tirẹ̀ ń mí tọ̀sán-tòru, bí èéfín bá sì wà nínú afẹ́fẹ́, gbèsè tuntun ń wọlé pẹ̀lú gbogbo èémí.

Èyí ni ó mú ọ̀rọ̀ padà sí Port Harcourt. Bí a bá wo ìtàn ìlú náà dáadáa, ohun dúdú ni ó bí i. Ní 1909 ni wọ́n rí èédú inú ilẹ̀ ní agbègbè Udi nítòsí Enugu. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń wá ibi tí ọkọ̀ òkun ti lè gbé e, wọ́n sì rí omi tí ó jìn ní ẹ̀bá odò Bonny, lórí ilẹ̀ àwọn Diobu àti Okrika. Ní 1913 ni Gómìnà Lugard sọ ibẹ̀ ní orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà tí ń bójú tó àwọn ilẹ̀ amúnisìn nígbà náà. Ọkùnrin tí wọ́n fi ìlú náà sọ orí kò bá wọn gbé ibẹ̀. Àwọn tí ó ni ilẹ̀ ni a kò fi orúkọ wọn pe ohunkóhun níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ní 1916 ni ojú irin dé Enugu, èédú sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wá sí etí omi. Àwọn awakùsà ni wọ́n kọ́kọ́ mọ ohun tí eruku dúdú ń ṣe fún ẹ̀dọ̀fóró. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ní 1943 ni wọ́n ṣètò owó ìtánràn fún àwọn awakùsà èédú tí eruku ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Èédú inú ẹ̀dọ̀fóró wọn náà, inú agbémì-ńlá ni ó wà.

Lẹ́yìn èédú ni epo rọ̀bì dé. Wọ́n rí i ní Oloibiri ní 1956, ọkọ̀ àkọ́kọ́ sì kó o lọ sí òkè òkun ní 1958. Ilé-ìfọpo àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Alesa-Eleme, lẹ́bàá Port Harcourt, ní 1965. Iná gáàsì ń jó lójú ọ̀run fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ó ṣe, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í lu páìpù epo, wọ́n sì ń sè é fúnra wọn nínú àwọn igbó etí omi. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni èyí: wọ́n á da epo rọ̀bì sínú àgbá ńlá, wọ́n á dáná epo rọ̀bì kan náà sí i nídìí, ooru rẹ̀ á gba inú páìpù kọjá nínú omi títí yóò fi di kẹrosíìnì, dísù tàbí pẹtiróòlù. Kpo-fire ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe iṣẹ́ náà. Ọ̀dà tí ó ṣẹ́kù, wọ́n á dà á nù tàbí kí wọ́n fi iná sí i. Èéfín irú iná bẹ́ẹ̀ máa ń dúdú, nítorí pé epo náà kì í jó tán. Bí àwọn agbófinró bá sì dé ibẹ̀, iná kan náà ni wọ́n sábà máa ń fi sí ohun tí wọ́n bá bá nínú igbó. Àti olè àti ẹni tí ń lé olè, inú afẹ́fẹ́ kan náà ni wọ́n ń da èéfín tiwọn sí.

Kò yẹ kí a fi ojú kan wo àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ wọn ni a bí sí etí omi tí epo ti bà jẹ́, níbi tí ẹja bàbá wọn ti kú. Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ tí ń sùn nínú ilé kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Kí ni èéfín yìí ń ṣe nígbà tí ó bá dé inú? Irun orí ènìyàn fẹ̀ tó nǹkan bí máíkírọ́ọ̀nù 70. Àwọn ẹyọ eérú tí a ń sọ yìí, ọ̀pọ̀ wọn kò tó 2.5. Irun inú imú kò lè dá wọn dúró. Wọ́n á gba ọ̀nà ọ̀fun lọ títí dé inú àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí agbémì-ńlá nìkan ti ń ṣọ́nà. Yóò gbé wọn mì. Yóò da omi kíkan lé wọn lórí. Èédú kò ní dà. Lára àwọn ẹyọ náà sì ni àwọn májèlé inú epo lẹ̀ mọ́. Ní 2008, àwọn oníwádìí fi hàn pé bí agbémì-ńlá bá gbé eruku òkúta tàbí ti asbestos mì, tí kò rí i lọ̀, ohun kan nínú rẹ̀ á ké gbàjarè bí ẹni pé kòkòrò àrùn ni ó wọlé. Ìwúlé á bẹ̀rẹ̀ láìsí ọ̀tá kankan tí a lè pa. Ogun tí kò ní ọ̀tá kì í ní ọjọ́ ìparí, èròjà tí agbémì tú jáde láti fi jagun á sì máa jẹ ẹran ara onílé. Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná. Níwọ̀n ìgbà tí eérú bá ṣì ń wọlé, ọwọ́ agbémì kò lè gbẹ. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì kún fún eérú báyìí, kòkòrò àrùn gidi lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé.

Ìwúlé náà kì í dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró. Igbe tí àwọn agbémì ń ké ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn káàkiri ara. Nínú ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, àwọn agbémì-ńlá mìíràn wà tí ń gbé ọ̀rá mì títí wọn yóò fi wú bí ọṣẹ tí ó hó. Àwọn ni ìpìlẹ̀ ìdí tí ń dí iṣan ọkàn, ìwúlé sì ń mú kí ìdí náà yára. Ìdí nìyí tí èéfín fi ń pa àwọn tí ọkàn ń dà láàmú, yàtọ̀ sí àwọn oníkọ́. Ní 2013 ni ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń bójú tó ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ kéde pé afẹ́fẹ́ ìta tí ó bá ti bàjẹ́ wà lára ohun tí ń fa àrùn náà. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé dín ìwọ̀n ẹyọ eérú kéékèèké tí ó yẹ kí ènìyàn mí sínú ní ọdún kan kù láti 10 sí 5. Èyí ni pé nínú afẹ́fẹ́ tí ó kún àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, kí ó má ju ìdá márùn-ún nínú gíráàmù kan tí a pín sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan lọ.

Àwọn ará Port Harcourt kò dákẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ẹsẹ̀ rìn ní ìgboro láti bèèrè pé kí ìjọba dá èéfín náà dúró. Àwọn ìgbìmọ̀ jókòó. Ìjọba ìpínlẹ̀ ń na ìka sí ìjọba àpapọ̀, nítorí pé abẹ́ àṣẹ ìjọba àpapọ̀ ni epo rọ̀bì àti àwọn ọlọ́pàá wà. Ó di oṣù kìíní ọdún 2022 kí Gómìnà Nyesom Wike tó pàṣẹ fún àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n wá àwọn ibi ìsepo náà rí, kí wọ́n sì pa wọ́n rẹ́. Láti òpin 2016 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2022, ó lé ní ọdún márùn-ún. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ tí eérú kọ́kọ́ bọ́ ti ń lọ sí ilé-ìwé. Bí a bá ní kí a sọ òótọ́, ẹ̀sùn ìfòòró-ẹni-mọ́ra ni àwọn aláṣẹ fi ọdún márùn-ún yìí ṣe, nígbà tí ohun tí yóò wo àrùn náà sàn kò sí nínú ìgò oògùn kankan. Dókítà lè fún ènìyàn ní oògùn tí yóò tu ìwúlé lára; kò sí oògùn tí yóò wọ inú agbémì-ńlá lọ yọ èédú jáde.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ara ní láti dá eérú padà ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Àwọn agbémì-ńlá tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn máa ń rọra gun òkè, tí àwọn irun kéékèèké inú ọ̀nà èémí á máa tì wọ́n lọ títí wọn yóò fi dé ọ̀fun, kí a tó tu wọ́n dànù tàbí kí a gbé wọn mì. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dúdú tí ènìyàn tu láàárọ̀ kì í ṣe eérú lásán. Àwọn agbémì tí ó ti parí iṣẹ́ ni ó pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ìlú Leicester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn dókítà lo ìmọ̀ yìí fún àwọn ọmọdé tí ara wọn le, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2006. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà mí ìkùukùu omi iyọ̀ sínú kí wọ́n lè wúkọ́, wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn, wọ́n fi awò amúǹkantóbi wò ó, wọ́n sì wọn bí dúdú inú agbémì-ńlá kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó. Ọmọ tí dúdú rẹ̀ bá pọ̀ jù, agbára èémí rẹ̀ ni ó kéré jù. Gbogbo irinṣẹ́ tí iṣẹ́ náà gbà kò ju omi iyọ̀, gíláàsì pẹlẹbẹ àti awò dídára kan lọ, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tí yóò wọn dúdú náà, irú èyí tí ó wà ní ilé ìwòsàn ńlá Port Harcourt àti ní àwọn yunifásítì ibẹ̀.